"Wọ́gi lé", "sún síwájú" tàbí "dá dúró": èwo ni ká kọ sínú ìkéde?

Akọ̀wé Ẹbí (Ṣùúrùlérè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ èdè. Ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Màmá wa, tó yẹ kó wáyé ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Adéníran Ògúnsànyà, ò ní lè wáyé lọ́jọ́ tí a dá. A ò sì tíì mú ọjọ́ mìíràn. Owó aṣọ ẹbí ti wọlé, alásè náà ti gba àsansílẹ̀. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ pé "a ti wọ́gi lé e", àwọn kan ní "a ti sún un síwájú". Àwọn ọmọ ní kí n kàn kọ "káńsẹ̀lì" kó yé gbogbo ayé. Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn? "Fagi lé" ńkọ́?

Tíṣà Èdè, Yábàá

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o, ìyàtọ̀ wọn sì kan owó tó wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ bá wọ́gi lé, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe é, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ojú irin Metroline tí ìjọba Jakande bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1983. Ìjọba ológun wọ́gi lé e ní 1985. Reluwé tó ń ná Marina sí Mile 2 látọdún 2023, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, àdéhùn ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ìdìbò June 12, 1993 náà ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Babangida wọ́gi lé e lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, gbogbo ìbò tí aráàlú dì dòfo.

Ohun tí ẹ bá sún síwájú ṣì wà digbí, ọjọ́ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ní 2019, INEC sún ìdìbò ààrẹ láti ọjọ́ 16 oṣù Kejì sí ọjọ́ 23. Àwọn olùdíje kan náà ni, káàdì ìdìbò kan náà ni.

"Dá dúró" ló wà láàárín. Ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì 2022, wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Wọn ò wọ́gi lé e. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ yìí: bí ìjọba ò bá mú ìlérí ṣẹ, wọ́n á ní àwọn kàn ń bá èyí tí àwọn dá dúró lọ ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò tíì ní ọjọ́, ẹ má kọ "sún síwájú" lásán. "Sí ìgbà wo?" ni gbogbo èèyàn máa bi yín, fóònù yín ò sì ní sinmi. "A dá ètò náà dúró ná" ló bá yín mu. "Ná" yẹn ṣe pàtàkì, òun ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Òǹṣàtúnṣe Ìwé, Ìkẹjà

Kí n fi ti ìkọsílẹ̀ kún un. "Fa igi" àti "wọ́ igi", ọmọ ìyá ni wọ́n: ìlà là ń fà gba orí ohun tí a ti kọ. Èyí tó bá wù yín lẹ lè lò nínú ìkéde. Àmọ́ tó bá jẹ́ bíírò gan-an lẹ fi ń yọ orúkọ kúrò nínú ìwé, "fagi lé" ló máa ń yá lẹ́nu: "ẹ fagi lé orúkọ mi nínú àwọn tó ń ra àǹkárá." Ti ìjọba àti ilé ẹjọ́, "wọ́gi lé" lẹ máa gbọ́ jù lórí rédíò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí WhatsApp ni "Ayẹyẹ náà ti wọ́gi lé." Ta ló wọ́ ọ? Ó wá dà bíi pé ayẹyẹ fúnra rẹ̀ ló mú igi dání. Ẹ fi ẹni tó ṣe é síbẹ̀: "a ti wọ́gi lé ayẹyẹ náà", "ìgbìmọ̀ ti wọ́gi lé e." "Lé e" ni o, kì í ṣe "lé rẹ̀". Ẹ pín in sí méjì tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, tó bá di orúkọ kẹ́ ẹ wá so ó pọ̀: ìwọ́gilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i. "Wogile" lásán, ẹni tó bá ń sáré kà á lè kà á sí "wó ilé", ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ilé wíwó ṣe ń já èèyàn láyà l'Ékòó yìí.

"Káńsẹ̀lì" dára lẹ́nu. Tí dírẹ́bà tí ẹ fi fóònù pè bá ní "ẹ káńsẹ̀lì ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá mi ní títì", kò sẹ́ni tó máa sọ pé kẹ́ ẹ wọ́gi lé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ ìkéde tí àwọn àgbà máa kà. Àwọn kan tiẹ̀ ń kọ ọ́ ní "káńsù". Káńsù, ibi tí alága ìjọba ìbílẹ̀ ń jókòó sí nìyẹn.

Olùṣètò Òde, Múṣin

Ẹ má tíì kọ nǹkan kan sórí WhatsApp tí ẹ ò bá tíì pe alásè. Ìrẹsì àti òróró ò ní bàjẹ́, àmọ́ ata, adìẹ àti ẹja tútù, bó bá ti rà wọ́n, owó yín ló bá a lọ. Ẹ pè é kó tó lọ sí Mile 12. Gbọ̀ngàn ló tẹ̀lé e: ẹ yọ ìwé àdéhùn wọn jáde, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tó yí ọjọ́ padà àti ẹni tí ò ṣe é mọ́. Ó sábà máa ń yàtọ̀ síra, torí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n máa dì mú. Tí ẹ bá lè kọ ọ́ pé "wọ́gi lé", tí ẹ sì wá padà lọ́sẹ̀ méjì láti gba ọjọ́ tuntun, àsansílẹ̀ yẹn lè ti wọgbó.

Aṣọ ẹbí náà ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ "wọ́gi lé" máa béèrè owó rẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Aṣọ tí wọ́n ti gé ní yáàdì márùn-ún-márùn-ún, kò sí oníṣòwò Balógun tó máa gbà á padà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ ò yí padà.

Akọ̀wé Ẹbí (Ṣùúrùlérè)

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ti àwọn bàbá wa n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ṣé eléyìí dáa: "Ẹ̀yin àgbà wa, a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé ayẹyẹ Màmá kò ní wáyé mọ́. A ó kéde ọjọ́ tuntun. Aṣọ ẹbí kò yí padà"?

Tíṣà Èdè, Yábàá

Ó tutù lẹ́nu, ṣùgbọ́n "mọ́" yẹn ti wọ́gi lé e fún yín. "Kò ní wáyé mọ́" lásán báyìí, ó ti parí nìyẹn, gbólóhùn kejì wá ń bá a jà. Ẹ yọ "mọ́", kẹ́ ẹ fi ọjọ́ sí i: "ayẹyẹ Màmá kò ní lè wáyé ní Sátidé tí a dá tẹ́lẹ̀." Kẹ́ ẹ kọ déètì Sátidé náà síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà múra wá.

Olùṣètò Òde, Múṣin

Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ tún pe àwọn bàbá yẹn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ka WhatsApp, ọmọ ló ń kà á fún wọn.