Ọrùn agbádá ń hunjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sára aṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú la wà.

Ọrùn agbádá gínì funfun ni. Òwú onífọ́nrán mẹ́fà la lò. Mẹ́ta la yà sọ́tọ̀, a gé e ní ínṣì 18 kó má baà ta kókó. A kọ́kọ́ rán etí ọnà náà yí ká, ká tó fi òwú tò ó dí, ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ibi tó bá fẹ̀, a pín in sí méjì, torí òwú tó gùn jù máa ń dìde, òrùka ọwọ́ á sì fà á yọ.

Tí a bá wá yọ ọ́ kúrò nínú férémù tí a fi ń na aṣọ, aṣọ á hunjọ yí ọnà náà ká. A ti rẹ gínì náà sómi kí a tó gé e, nítorí náà kì í ṣe pé ó sún kì. A dẹ ọwọ́ lórí òwú, ó dín kù díẹ̀, kò tán. Ṣé bí a ṣe na aṣọ ní ìdábùú nínú férémù ni? Àbí ká fi gọ́ọ̀mù sítéè (aṣọ onígọ́ọ̀mù tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ) fẹ́lẹ́ sẹ́yìn rẹ̀? Èyí tó nípọn máa ń mú kí abẹ́rẹ́ nira láti fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ irú gọ́ọ̀mù sítéè tí ẹ ń lò gan-an.