Ìṣùpọ̀ ni àbí àtòtẹ̀lé? Lórí ìràwọ̀ tó di korobá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Kàdúná kọ lánàá, pé kí a má yí "ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì" padà, ìyẹn orúkọ tí à ń pe kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó tẹ̀lé ara wọn láìsí fáwẹ̀lì láàárín, torí òun ló wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gbà. Nínú gírámà Yorùbá, ìgbà tí a bá fẹ́ sọ pé èdè wa ò ní in nìkan la máa ń lo ọ̀rọ̀ yẹn. Kò tíì bá wa ṣe iṣẹ́ kankan rí. Ìgbà tí mo fi kọ́ èèyàn ní èdè tó ní in ni mo tó rí i pé ó ń ṣini lọ́nà.

Àwa mẹ́rin là ń jókòó ti Esperanto, èdè àtọwọ́dá kan, nírọ̀lẹ́ Sátidé ní Kubwa, Àbújá níbí. Dókítà ojú kan, Zamenhof, ló gbé èdè náà jáde ní Warsaw lọ́dún 1887. Lẹ́tà 28 ló ní, lẹ́tà kan, ìró kan. Ohun tó ń dá Yorùbá dúró níbẹ̀ ni pé kọ́ńsónáǹtì máa ń tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì láìsí fáwẹ̀lì láàárín. Ẹnu wa kì í gbà bẹ́ẹ̀. "Albarka" tí a yá lọ́wọ́ Haúsá, àlùbáríkà la sọ ọ́ dà. "Albasa" di àlùbọ́sà.

Ọ̀rọ̀ tó là mí lójú ni "stelo", ìyẹn ìràwọ̀. Ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé ni àmì àwọn tó ń sọ èdè náà, kì í sì í pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bá a pàdé. Àbúrò kan láàárín wa, tó ń ta fóònù ní Wuse, pè é ní "sitelo". Ó fi fáwẹ̀lì i há àárín s àti t, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe sí sítóòfù àti sítáàǹpù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni "sitelo" nínú Esperanto: korobá ni. Mo ní kó yọ fáwẹ̀lì yẹn kúrò, pé ìṣùpọ̀ ni, kó ṣù wọ́n pọ̀. Ó gbọ́ràn. Ó fún eyín pọ̀, ó ní "ŝelo". Ŝ yẹn ni ṣ tiwa. Èèpo nìyẹn, irú èèpo ọsàn. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ rárá, ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Ohun tí a bá ṣù pọ̀, ẹyọ kan ló máa ń dà, bí ẹ̀bà tí a ṣù sínú ọ̀rá.

Bí a bá ń wá ìṣùpọ̀ lóòótọ́, gb ni. Ẹ pe Gbagyi, orúkọ ọ̀kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá yìí, kí ẹ sì fi ọkàn sí ẹnu yín: ẹ̀yìn ahọ́n lọ bá àfàsé, ìyẹn ibi rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, ètè méjèèjì pàdé, wọ́n sì jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní àfàfàséfètèpè. Ti st ò rí bẹ́ẹ̀. s á ṣe tirẹ̀ tán, t á tó bọ́ sí i. Ṣe ni wọ́n tò, bí èèyàn ṣe ń tò sídìí ẹ̀rọ ATM. Mo ní kí àbúrò yìí fa s bí ejò, "sssss", kó wá fi "telo" gé e lójijì. Ìràwọ̀ jáde.

Àbá mi ni "àtòtẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì". Àǹtí wa ní Jos mú "ìfúnpọ̀" wá. Fífún tún le ju ṣíṣù lọ. Èyí tó sún mi ro nǹkan ni òṣùṣù ọwọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, pé ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò sọnù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ òṣùṣù ọwọ̀ ò ní àkọ́kọ́, kò ní ìkẹyìn. Bí ẹ yí i po, ọwọ̀ náà ni. Ẹ yí sk padà sí ks, ọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ẹnì kan tún kọ ọ́ pé mẹ́ta ló tò nínú "scii", ìyẹn mọ̀: s, t, s. Méjì ni. Ẹyọ kan ni c Esperanto, àséfúnnupè ni (ìró tí a sé mọ́ ẹnu kí a tó fún un jáde) bíi j tiwa, kò sì sí ẹni tó ń ka j sí méjì. Ẹni tó dàgbà sí Kánò nínú wa ò tilẹ̀ bá c jà. Mo ní kó sọ "tsada", ìyẹn ọ̀wọ́n ní Haúsá, ó sọ ọ́. Mo ní kó dín agbára ọ̀fun ibẹ̀ kù, c dé. Ibi tí s ti ṣáájú rẹ̀ ló ṣòro, ọ̀nà tó sì rọrùn jù ni kí a jẹ́ kí s fara ti ọ̀rọ̀ tó wà níwájú: "mi scias", mo mọ̀, kí a pè é bíi "mis-cias". Ẹni tó bá ń sọ "fuska", ìyẹn ojú ní Haúsá, lójoojúmọ́ ní ọjà, tí kò sọ ọ́ di fúsíkà, ti mọ "mis" yẹn ná.