Ṣé ọ̀kan náà ni ìfọkàntán àti ìgbẹ́kẹ̀lé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lánàá, ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Ṣé o fọkàn tán mi?" Ẹnu mi wọlẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí kì í purọ́. Mo lè kó owó sí i lọ́wọ́, kí n má sì kà á tó bá dá a padà. Ṣùgbọ́n n kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e: tó bá ní òun ń bọ̀ ní aago 4, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó yọjú. N kò sì lè finú hàn án, ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Èwo gan-an nínú wọn là ń pè ní ìfọkàntán? Kí ni kí n sọ fún un tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní bà á lọ́kàn jẹ́?