Ó wù mí kí n máa lọ dá jókòó nínú igbó lẹ́yìn ikú màmá mi, báwo ni kí n ṣe é?

Láti ìgbà tí màmá mi ti papòdà, ariwo ilé kì í jẹ́ kí n sunkún tẹ́ mi lọ́rùn. Igbó àti orí òkè tí kò sí èrò ló ń wù mí. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n mọ̀ kí n tó jáde?

Èsì kìíní: Ẹ kú aráfẹ́rakù. Ọ̀fọ̀ máa ń kó iyè ẹni lọ. Oorun kì í tó, oúnjẹ kì í wọlé, ẹsẹ̀ á kàn máa rìn tí ojú ò ní rí oríta tó kọjá. Ohun tó ń mú ọlọ́fọ̀ ṣìnà nìyẹn, kódà lójú ọ̀nà tí kò le. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ máa gbà lọ, tí ẹ máa gbà bọ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí 3 lẹ ní, ẹ jẹ́ kí aago fóònù dún lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀. Tó bá ti dún, ẹ yí padà, bó ti wù kí ibẹ̀ dùn tó. Kìlómítà 5 ni ẹni tára ẹ̀ le ń rìn ní wákàtí kan. Ẹ fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn. Tiyín á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi, bí ìdajì lítà fún wákàtí kan. Ẹ jẹun lákòókò, ẹ má dúró de ebi.

Èsì kejì: Ẹ má lé ṣóńṣó òkè. Ẹ wá ibi kan tí ẹ lè jókòó sí fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ẹyẹ á dákẹ́. Tí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á tún máa ké, èèrà á máa wọ́ lọ níwájú ẹsẹ̀ yín. Tí ẹkún bá dé lójú ọ̀nà, ẹ jókòó, ẹ sun ún tán. Ojú tí omijé bò kì í rí gbòǹgbò, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Èsì kẹta: Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé fún ẹnì kan. Ẹ mú fèrè dání láti fi pe ìrànlọ́wọ́ tí ewu bá dé: ìfun 6 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un fun. Tí ààrá bá sán, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Èsì kẹrin: Tó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ bá màmá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá lọ rárá. Ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá máa tẹ̀ lé yín lọ sígbó nígbà míì, ẹ ti bá a sọ ọ́ nílé: kó máa rìn lẹ́yìn, kó má sì sọ̀rọ̀ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ.