Sáìléèjì àgbàdo, ti ọkà bàbà, ti eèsún: èwo ló ń mú wàrà wá? Màlúù mi ti fẹ́ gbẹ!

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ran:
Ẹ káàsán o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé ni wàrà ti ń dínkù. Èyí tó ń fún mi ní lítà 7 lójúmọ́ ti já sí 3. Sáìléèjì ni mò ń fún wọn o, oúnjẹ ẹran tí a gé ní tútù, tí a tẹ̀ mọ́ inú kòtò, tí a sì bò kó lè kan. Ti àgbàdo gan-an! Ọkùnrin tó kọ́ wa níṣẹ́ yìí ní kò sí èyí tó dà bíi ti àgbàdo. Ó gbowó ẹ̀kọ́, ó tún ta ọ̀rá dúdú tí a fi bo kòtò fún wa, ní báyìí kò gbé fóònù mi mọ́. Àbúrò ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti ní kí n lọ sin adìẹ. Fúlàní tó ń bá mi fún wàrà ní eèsún ló yẹ kí n gbìn, aládùúgbò mi ní ọkà bàbà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n dì mú?

Bàbá Ìbejì Ṣakí:
Irú màlúù wo ni? Ó tó oṣù mélòó tí wọ́n ti bímọ? Kí lẹ tún ń fún wọn pẹ̀lú rẹ̀? Bí a kò bá mọ èyí, kí la fẹ́ sọ?

Ìyá Wàrà:
Ẹ fi mọ́lásíìsì sí i, omi dúdú adùn tó ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá ṣe ṣúgà ìrèké. Èmi kò sin màlúù o, wàrà ni mò ń sè tà, àmọ́ gbogbo wa lẹ̀ẹ̀rùn yìí ń bá jà. Wọ́n ti ń bomi là á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo máa da oje bòmubòmu sí i títí, kò ní dì.

Àgbẹ̀ Òkèhò:
Eèsún o! Ẹ gé e kó tó ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, tó bá ti le, igi lásán ni. Omi rẹ̀ pọ̀, ṣúgà rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ sá a kó rọ díẹ̀, kí ẹ sì fi mọ́lásíìsì sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rà dípò kó kan.

Lékan Ìbàràpá:
Ẹ má ṣì wọ́n lọ́nà. Sítáàṣì, ìyẹ̀fun tó ń fún ẹran lágbára, inú ọmọ àgbàdo ló ń mú wàrà wá, eèsún kò ní in. Ẹ ṣẹ́ ọmọ kan sí méjì, ẹ wo hóró rẹ̀: ìlà kan wà láàárín ibi tó ti le àti ibi tó ṣì ní omi funfun. Tí ìlà yẹn bá dé ìdajì hóró, ẹ gé gbogbo rẹ̀.

Àgbẹ̀ Òkèhò:
Tójò bá dá ńkọ́? Sítáàṣì wo ló kù? Ọkà bàbà fara da ọ̀dá jù ú lọ.

Adé Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí:
Ọkà bàbà dáa, àmọ́ ẹ má fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú bọ́ wọn ní tútù. Ẹran ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ̀hù rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, ilẹ̀ kò ṣú tó fi kú. Tó bá gbó kó tó wọ kòtò, ewu yẹn kì í pọ̀. Ẹ fọ́ hóró rẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ìgbẹ́ màlúù lẹ ó ti rí i lódindi.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ran:
Ẹ ṣeun. Àdàlù ni wọ́n, màlúù òyìnbó Jersey ni bàbá wọn, màlúù Fúlàní funfun ni ìyá. Kòtò mi kò ní àbùkù, katakata la fi tẹ̀ ẹ́. Ti ìlà tí Lékan ń sọ kò kàn mí, torí a ti ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tà fún àwọn alágbàdo sísè kí a tó gé e.

Lékan Ìbàràpá:
Ẹ dúró ná. Ẹ ti ṣe kínni?

Bàbá Ìbejì Ṣakí:
Pòròpórò lẹ bò mọ́lẹ̀ nìyẹn, ìyá, kì í ṣe àgbàdo.

Ìyá Wàrà:
Mọ́lásíìsì ni kí ẹ fi sí i.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ran:
Ẹ má bínú, ta ló máa rí owó àgbàdo tútù tó máa rì í mọ́ kòtò? Owó iléèwé àwọn ọmọ ni mo fi san. Ọkùnrin yẹn kò sì sọ fún wa pé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ṣakí:
Ẹ lè tà á, àmọ́ ẹ fi nǹkan dípò. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ fún agbára, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ewé ẹ̀pà tàbí ti igi agúnmániyè fún puròtéènì (èròjà amúaradàgbà), torí puròtéènì inú sáìléèjì àgbàdo tòun tọmọ rẹ̀, tí a bá yọ omi kúrò, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ti pòròpórò tún kéré sí i. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ya apá kan oko sọ́tọ̀ fún kòtò. Ẹ kò tíì dáhùn o: oṣù mélòó tí wọ́n ti bímọ?

Àbẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ran:
Ta ló ní èèpo ẹ̀gẹ́ nítòsí Ìṣẹ́yìn? Kó gbẹ dáadáa o, mi ò fẹ́ èyí tó ń rùn.

Bàbá Ìbejì Ṣakí:
Ìyá wa. Oṣù mélòó?