Bẹ́ẹ̀dì ni mo fi gun òkè: ẹ sọ tiyín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá géèmù The Legend of Zelda: Echoes of Wisdom, ẹ wá sọ ibi tí orí yín ti pé tàbí tó ti dàrú. Tèmi rèé.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n: 2024 ló jáde fún Nintendo Switch. Link, akọni àwọn géèmù Zelda tó ti ń fi idà jà láti 1986, àlàfo abàmì kan gbé e mì níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó wá ku Zelda, ọmọ ọba. Tomomi Sano ló darí iṣẹ́ náà, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa darí géèmù Zelda. Ẹ̀dá kékeré kan tó ń fò, Tri lórúkọ rẹ̀, ló fún ọmọ ọba ní ọ̀pá kan. Ohun tó bá ti fi ọ̀pá náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lè pè é jáde nígbàkígbà: tábìlì, àpótí, àpáta, títí kan ẹranko burúkú tó bá ti ṣẹ́gun. Àmọ́ iye tí Tri lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà níwọ̀n. Bó o bá pè jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó o kọ́kọ́ pè á pòórá.

Ìpòórá yẹn ló fi mí ṣẹ̀sín. Mo dúró sídìí òkè kan fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mo rò pé nǹkan kan wà tí mi ò tíì rí gbà. Àbúrò mi obìnrin tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ to bẹ́ẹ̀dì léra." Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó kan sílẹ̀, mo fò lé e. Mo gbé èkejì lé e lórí, ìdajì rẹ̀ yọ síwájú bí àtẹ̀gùn. Mo ń tò ó lọ. Ó ku díẹ̀ báyìí kí n débẹ̀, mo pe ọ̀kan sí i, ti ìsàlẹ̀ pátápátá pòórá, gbogbo rẹ̀ wó, tèmi tèmi.

Nígbà kejì mo rí etí àpáta kan lágbedeméjì. Mo dúró síbẹ̀, mo kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì kúrò nílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn látibẹ̀. Mo gòkè. Kí ni mo rí? Àkàbà! Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ló wà, ká ní mo rìn yí i po ni.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire. Bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í ṣe fún gígun nìkan o. Bí ẹ bá sùn lé e, ọkàn yín, ìyẹn àmì ẹ̀mí tó kù fún yín, á máa kún padà. Èmi, mo máa ń pe àwọn ẹ̀dà ẹranko mi kí wọ́n máa jà, màá wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sùn. Ìyá mi ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Irú ọmọ ọba wo lèyí? Ogun ń lọ, ó ń sùn!"

—

Ti aláǹtakùn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ṣẹ́ ẹ rántí pé Tri lè so Zelda mọ́ nǹkan? Bó bá rìn, nǹkan ọ̀hún á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fa òkúta tó wà lára Talus, òmìrán olókùúta, yọ nínú àwókù tí wọ́n ń pè ní Suthorn Ruins. Àmọ́ ẹ tún lè yí i padà, kí Zelda ló máa tẹ̀ lé nǹkan yẹn. Mo gbé Crawltula sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo so ara mi mọ́ ọn. Aláǹtakùn ń gun ògiri lọ ní tiẹ̀, ọmọ ọba rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí àpò.

—

Ẹ máa gbádùn ara yín. Ní tèmi, látìgbà tí mo ti rí ẹ̀dà omi gba, omi onígun mẹ́rin yẹn, ọgbọ́n mi ti tán. Ibi gíga wo? Màá to omi léra, màá wẹ̀ gba inú rẹ̀ gòkè. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ó ti sọ mí di ọ̀lẹ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti búra pé mi ò ní pe omi mọ́ àfi bí ẹ̀mí Zelda bá fẹ́ bọ́.

—

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àbúrò mi gbọ́ ti omi yìí o. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀dì ló ṣì ń tò.