Owó ẹgbẹ́ aránṣọ wa dà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abẹ́rẹ́ Ò Sùn (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ kú ilé o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, ẹ má wo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ. Ọdún mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwa aránṣọ àdúgbò wa ti ń dá ₦1,000 lóṣooṣù, ká lè ra ilẹ̀ tí a máa kọ́ gbọ̀ngàn sí. Àwa 43 ni. Ọmọṣẹ́ tó bá sì fẹ́ ṣe fírídọ́ọ̀mù, ₦5,000 ni kí alága tó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n ka ìṣirò: màlúù, kánópì, aṣọ àlejò. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú bírò pupa: "Oríṣiríṣi, ₦310,000." Oríṣiríṣi! Mo béèrè pé irú èwo. Ìyàwó alága, tí kò gán bọ́tìnì rí láyé ẹ̀, ló dá mi lóhùn pé ṣé èmi ò jẹ nínú màlúù ni. Ṣàkì méjì ni wọ́n fún mi, ó sì le.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ojúde Ọba sì rèé lọ́jọ́ kẹta rẹ̀. Régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) méjì ló kó iṣẹ́ fún mi, agbádá mọ́kànlá ò tíì ní ọrùn, iná ò sí. Ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí ni?

Màmá Olóbì (Ṣàgámù):
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ àwa olóbì náà rí i. Akápò wa ní olè jí àpótí owó gbé, kò pẹ́ ló ra fíríìsà. Fíríìsà ńlá! Èmi gan-an bá a kó ẹja sínú rẹ̀. Fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọmọ Aláré:
Màmá, ẹ bá wọn kó ẹja sínú owó yín? Abẹ́rẹ́, ohun méjì: ṣé ẹgbẹ́ yín forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Ta ló ń fọwọ́ sí owó ní báńkì?

Abẹ́rẹ́ Ò Sùn:
Ó forúkọ sílẹ̀. Alága fi gíláàsì bo ìwé ẹ̀, ó gbé e kọ́ pálọ̀ ilé ẹ̀. Ẹni tó ní kí n fi í fún Ọlọ́run, ₦36,000 tèmi ńkọ́?

Lọ́yà Rẹ́mọ:
Òfin tọdún 2020 tó de ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, tó sì ní àwọn alámòójútó, gbà pé ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ lè lọ sílé-ẹjọ́ pé kí wọ́n dá àwọn alámòójútó náà dúró, tí wọ́n bá ń ná owó báṣubàṣu. Nínú ẹ̀yin 43, ẹni mẹ́sàn-án nìyẹn. Àmọ́ owó lọ́yà á ju oríṣiríṣi yẹn lọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé, ẹ béèrè rìsíìtì.

Baba Onífìlà:
Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Táwọn agbowó káńsù bá ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, ta ló ń lọ bẹ̀ wọ́n? Ṣé ọwọ́ òfo ni alága fi ń lọ ni?

Ọmọ Aláré:
Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà, Baba: "Ẹ̀gúnjẹ, ₦310,000."

Baba Onífìlà:
O ò lẹ́kọ̀ọ́.

Télọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kọ lẹ́tà. Àmọ́ báńkì kì í kó owó ẹgbẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ àwọn wo ló wà níbẹ̀? Wọ́n ti bi yín lẹ́ẹ̀kan.

Abẹ́rẹ́ Ò Sùn:
Ẹ ò jẹ́ kí n sinmi. Ó dáa. Alága, akápò, èmi. Lóṣù Ẹrẹ̀nà, akápò bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gé kẹ̀mbẹ̀ lọ́wọ́. Ó tẹ́ ìwé ìgbowó sórí máṣíìnì, ibi tí wọ́n ń kọ iye owó sí ṣófo. Ó ní báwọn bá dé báńkì làwọn á kọ ọ́. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo padà sídìí kẹ̀mbẹ̀ mi.

Ọmọ Aláré:
Háà. Ìwé mélòó?

Abẹ́rẹ́ Ò Sùn:
Mẹ́ta.

Lọ́yà Rẹ́mọ:
Ẹ má kúrò nínú ẹgbẹ́ o! Tẹ́ ẹ bá kúrò báyìí, ẹ̀yin ni wọ́n máa dì í rù. Lọ́la, kí báńkì tó kún, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó jáde, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ fún wọn pé kí wọ́n má sanwó kankan mọ́ lórí ìbuwọ́lùwé yín àfi tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. Ẹ má sì kọ nǹkan kan síbí mọ́.

Màmá Olóbì (Ṣàgámù):
Mo ti ní ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Abẹ́rẹ́ Ò Sùn:
Lọ́la kẹ̀? Agbádá mọ́kànlá yẹn ńkọ́? Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́ wò.